Ihò Afẹ́fẹ́ Tí Mo Tì ní Yàrá Ìyá Mi

Ìyá mi bẹ̀ mí nítorí ohun tí èmi fúnra mi ṣe, mo sì dárí jì wọ́n. Mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́ lọ́nà mìíràn tí kò ní burú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Wọ́n dúró níwájú mi nínú ilé ìdáná wọn ní Oǹdó, wọ́n ní kí n má bínú, èmi náà ṣe ojú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, mo ní kò sí nǹkan.

Olùkọ́ ni mí ní Àkúrẹ́. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹnu mi sì mú. Àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ̀, ọkọ mi náà mọ̀. Bí ènìyàn bá tún béèrè ohun tí mo ti ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan, ara mi kì í gbà á. Èmi sì ni àkọ́bí ìyá mi, nítorí náà ó ti mọ́ mi lára pé ibi tí mo bá parí ọ̀rọ̀ sí ni ọ̀rọ̀ ń parí sí nílé wa.

Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ́ ilé tí Màmá ń gbé ní Oǹdó. Ó ti pẹ́ ní Kánádà, iṣẹ́ ilé kíkọ́ náà ló ń ṣe níbẹ̀. Ilé ọ̀hún kò jìnnà sí ibi tí àwọn kan ti ń la pákó. Láti àárọ̀ ni ariwo ayùn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹ̀fun igi a sì máa fẹ́ wọlé bí èéfín, bẹ́ẹ̀ ikọ́ fée ti ń bá Màmá jà láti ìgbà èwe wọn. Àbúrò mi bá ní kí àwọn kápẹ́ńtà fi gíláàsì tó nípọn sí gbogbo fèrèsé, kí wọ́n sì dí etí rẹ̀ pinpin. Àmọ́ bí a bá dí ilé pinpin báyẹn, èémí tí àwọn ará ilé ti mí síta náà ni wọn yóò tún máa mí sínú. Ìdí nìyẹn tó fi fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ láti ọ̀hún, irú èyí tí wọ́n ń lò nílé wọn níbẹ̀.

Àpótí irin funfun kan ni, tí a gbé sókè àjà. Fáànù méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, ó ń sẹ́ ìyẹ̀fun igi kúrò nínú rẹ̀, ó sì ń gba inú páìpù pín in sí yàrá Màmá, yàrá àlejò àti pálọ̀. Èkejì ń fa afẹ́fẹ́ tó ti ṣá láti ilé ìdáná àti balùwẹ̀, ó ń lé e síta. Afẹ́fẹ́ méjèèjì máa ń kọjá lára ara wọn nínú àpótí náà láìdàpọ̀, ooru èyí tó ń wọlé a sì máa bọ́ sára èyí tó ti tutù tó ń jáde lọ, kí ẹ̀rọ amúlétutù má baà ṣe làálàá jù. Ní Kánádà, òdìkejì rẹ̀ ni. Ooru inú ilé ni wọn kò fẹ́ kó sá lọ.

Ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ló bá wa gbé e kọ́. Àbúrò mi ló kọ́ ọ lórí fóònù, fídíò lé fídíò. Gbígbé e kọ́ kò le tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó gba gbogbo ọjọ́ kan lọ́wọ́ ọkùnrin náà ni bó ṣe máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde dọ́gba. Ó ní mítà kékeré kan tó ń wọn afẹ́fẹ́, tí fáànù tín-ín-rín ń yí lójú rẹ̀. Ó gé ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì ọmọdé kan, ó fi ẹnu rẹ̀ bo ihò tí páìpù yọ sí lójú àjà yàrá kọ̀ọ̀kan, ó wá di mítà mú níbi ìdí tó gé kí afẹ́fẹ́ kankan má baà yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ihò kọ̀ọ̀kan ló ní ìdérí roboto tí a lè yí. Bí o bá yí i sọ́tùn-ún, ó ń tì. Bí o bá yí i sósì, ó ń ṣí. Ó ń gun àkàbà, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń kọ nọ́ńbà sára páálí, ó ń rò ó pọ̀, ó sì tún ń padà lọ yí èyí tó ti yí tẹ́lẹ̀, nítorí bó bá ṣe dín ti yàrá kan kù ni ti yàrá kejì ń lágbára sí i.

Nígbà tó ṣe tán, ó fi bírò fa ìlà sára ìdérí kọ̀ọ̀kan kí a lè mọ ibi tó dúró sí. Ó ya tíṣù pẹ́lẹ́bẹ́ kan, ó fi í há ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn níbi tí alàfo wà nísàlẹ̀. Tíṣù náà dúró jẹ́ẹ́. Kò wọlé, kò jáde.

“Mà, ẹ wò ó,” ó ní. “Èyí tó ń wọ ulé yìí àti èyí tó ń jáde ti dọ́gba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìdérí yìí. Bẹ́ ẹ bá ti ọ̀kan, fáànù tó ń lé afẹ́fẹ́ síta ò mọ̀ o, á ṣì máa lé e ni. Ulé á wá máa fa afẹ́fẹ́ láti abẹ́ ulẹ̀kùn, láti ibi tí ẹ ò fẹ́.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Físíìsì ni mò ń kọ́. Ẹ fọkàn yín balẹ̀.”

Lẹ́yìn ilé ìdáná, kò ju ìṣísẹ̀ márùn-ún sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ni ààrò Màmá wà. Wọ́n ní gáàsì, wọ́n ń fi í se ọbẹ̀, wọ́n ń fi í se omi tíì. Àmọ́ iṣu wọn, orí igi ni wọ́n ti ń sun ún láràárọ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ ara mi, iṣu sísun ni mò ń jẹ kí n tó lọ sílé ìwé, Màmá ni yóò sì fi ọ̀bẹ ògbólógbòó kan ha ibi tó jóná kúrò, títí ara iṣu á fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kí wọ́n tó fi epo àti iyọ̀ sí i. Mo ti bímọ, irun funfun ti yọ lórí mi, wọn kò jẹ́ kí n ha iṣu fúnra mi rí. Wọ́n ní ọwọ́ mi kò mọ ọ́n ha.

Nígbà ọyẹ́, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lórí fóònù. Èdè Oǹdó ni wọ́n ń bá wa sọ, mo kàn ń kọ ọ́ síbí bí gbogbo wa yóò ṣe gbọ́ ọ ni.

“Afẹ́fẹ́ yín yìí ń fẹ́ sí mi ní agbárí,” wọ́n ní.

Mo ní kí wọ́n wé gèlè. Wọ́n wé méjì. Wọ́n tún pè mí lọ́jọ́ kejì nígbà tí mo wà ní kíláàsì, wọ́n tún pè lọ́jọ́ kẹta. Inú ń bí mi. Ní ọjọ́ Sátidé, mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó, mo kí wọn, mo kúnlẹ̀ dáadáa, mo wọ yàrá wọn, mo gun àga, mo yí ìdérí náà sọ́tùn-ún títí ó fi tì pátápátá.

Ó yẹ kí n pe ọkùnrin Àkúrẹ́ yẹn. Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti ti ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ó yẹ kí n dín ibi tó ń gbà jáde kù. Ṣùgbọ́n mo ti fọ́nnu lójú rẹ̀, n kò fẹ́ kó wá máa ṣàlàyé ohun tí mo ń kọ́ ọmọ fún mi. Bákan náà, èèyàn kì í sọ fún ìyá rẹ̀ àgbàlagbà lójú koro pé òtútù tó ń mú wọn lórí kì í ṣe nǹkan. Mo fi ìyẹn kẹ́wọ́. Mo ní ọ̀wọ̀ ni mo fi ṣe é. Irọ́ ni. Mo tì í kí wọ́n lè dákẹ́ ni.

Wọ́n súre fún mi lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ọmọ tèmi náà á gbọ́ tèmi bí mo ṣe gbọ́ tiwọn.

Kí n tó padà sí Àkúrẹ́, afẹ́fẹ́ yàrá àlejò ti ń fẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí èyí tó yẹ kó lọ sí yàrá Màmá ti yà síbẹ̀. Wọ́n ní, “Ibẹ̀ ni ọmọ rẹ máa ń sùn nígbà họlidé o. Òtútù á mú un.” Mo tún gbé àga, mo ti ìyẹn náà. Ó wá ku ihò kan ṣoṣo ní pálọ̀ tó ń mú afẹ́fẹ́ wọlé, bẹ́ẹ̀ ilé ìdáná àti balùwẹ̀ kò dẹ́kun lílé e síta.

Họlidé Àjíǹde dé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Lọ́jọ́ kẹrin, ní ọ̀sán, Màmá pè mí. Ohùn wọn kò já geere. Wọ́n ní ọmọ ń mí bí ẹni ń súfèé, àyà rẹ̀ ń wọlé sínú.

Bí mo ṣe dé Oǹdó, n kò lè sọ. Ilé ìwòsàn ni mo bá wọn, ìbòmú oògùn wà lójú ọmọ mi, Màmá jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì láìwọ bàtà, wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ sílé. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá ọmọ náà máa ń wà níbi èéfín.

“Mo máa ń sun iṣu láràárọ̀,” Màmá ní. “Ẹ̀yìnkùlé ni. Ìta ni.”

Nọ́ọ̀sì mi orí. Ó ní bó bá jẹ́ ìta náà, èéfín máa ń wọlé. Èmi náà yíjú sí ìyá mi bí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe yíjú sí wọn.

Ara ọmọ balẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sílé lọ kó aṣọ rẹ̀. Màmá wà nínú ilé ìdáná, wọn kò dáná. Igi ńlá tí wọ́n fi sun iṣu àná ṣì ń rú èéfín díẹ̀díẹ̀ nídìí ààrò. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, kọ́tìnì nìkan ló bò ó. Wọ́n wá síwájú mi, wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

“Jọ̀ọ́, má bínú sí mi,” wọ́n ní. “Èmi ni mo fẹ́ fi èéfín pa ọmọ rẹ. Àgbà ló ń dà mí láàmú. Iṣu lásán-làsàn. Má bínú.”

Orúnkún wọn fẹ́ tẹ. Ìyá mi fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi. Mo di apá wọn mú kí wọ́n má kúnlẹ̀, ìyẹn nìkan sì ni ohun rere tí mo ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí mo ṣe dì wọ́n mú, mo ń wo ìta lórí èjìká wọn. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́bàá ààrò kò mì rárá. Kò sí atẹ́gùn níta. Ṣùgbọ́n kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà wú wọ inú ilé bí ikùn aboyún, èéfín tín-ín-rín tó ń jáde lára igi náà sì gòkè díẹ̀, ó tẹ̀, ó gba abẹ́ kọ́tìnì wọlé bọ̀ wá bá wa.

Mo rí i. Mo mọ ohun tí mo rí. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ láti mọ̀ ọ́n. Ilé ló ń fà á, èmi sì ni mo ní kó máa fà á.

Mo ní, “Kò sí nǹkan, Màmá. Mo ti gbà.”

Mo ti gbà! Títí di òní, bí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, níbikíbi tí mo bá wà, mo máa ń bú ara mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àbúrò mi pè láti Kánádà. Ó ní, “Sìsítà mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n wó ààrò yẹn. Gáàsì wà. Kí lẹ rò?” Ó ń dúró kí n sọ ohun tí mo rò. Mo ní bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní n óò wá ẹni tí yóò wó o. Kí n tó rí ẹnikẹ́ni, Màmá ti gbé ọkọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti fọwọ́ ara wọn wó o, wọ́n sì ti kó amọ̀ rẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbá ibẹ̀ mọ́ tónítóní, bí ẹni pé ohunkóhun kò sí níbẹ̀ rí.

Láti ìgbà náà, wọn kò béèrè ọmọ mi mọ́. Nígbà tí mo ní kó wá lo òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n ní, “Jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ rẹ. N kò fẹ́ tún pa ọmọ ọlọ́mọ lára.” Ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n pè ní ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ náà ń bi mí ní gbogbo Fúráìdé ìgbà tí a máa lọ jẹ iṣu. Mo ń purọ́ fún un. Mo ní Màmá ń rin ìrìn àjò.

O lè bi mí pé kí ló dé tí n kò kàn lọ síbẹ̀ lọ ṣí ihò méjèèjì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí i, Màmá á mọ̀ nítorí òtútù orí, wọ́n á béèrè ìdí, n óò sì ní láti sọ. Ojú ń tì mí. Mo fi òní dọ̀la, títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa.

Ikọ́ Màmá ló lé mi jáde. Ààrò ti lọ, èéfín rẹ̀ ti lọ, síbẹ̀ ikọ́ fée tún gbé orí, ó le ju ti àtijọ́. Mo lọ kí wọn, mo fọwọ́ nu ilẹ̀ ilé nídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìyẹ̀fun igi tí ilé ń fà wọlé ló bò ó. Èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń rùn nínú yàrá wọn. Màmá jókòó, wọ́n ń wú ikọ́, wọ́n ní, “Bóyá èéfín àtijọ́ ló ṣì wà láyà mi. Mo ti jẹ ẹ́ pẹ́.” Wọ́n ṣì ń dá ara wọn lẹ́bi. Mo jáde síta, mo pe ọkùnrin Àkúrẹ́.

Ó dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó wọ yàrá Màmá, ó wo òkè, ó rí i pé ìlà bírò ti yà kúrò níbi tó fà á sí. Màmá wà lórí ibùsùn, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Ta ló fọwọ́ kan èyí?” ó béèrè. Kó tó gbọ́ èsì, ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Màmá. “Màmá, àwọn àgbà ò fẹ́ràn atẹ́gùn. Àwọn ni wọ́n máa ń bá wa ti nǹkan.”

Ọ̀nà àbáyọ ti là sílẹ̀ gbayawu. Ìyá mi gbé ojú sókè, mo rí i pé wọ́n ti ń wá bí wọ́n á ṣe tún bẹ̀bẹ̀.

“Bóyá èmi ni mo…” wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, “Èmi ni. Èmi ni mo ti méjèèjì. Èéfín tó wọlé bá ọmọ, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ilé ló fà á wọlé, nítorí mo ti ibi tó yẹ kí afẹ́fẹ́ gbà.”

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó gun àkàbà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ti yàrá Màmá, kò ṣí i tó ti tẹ́lẹ̀. Ó yí ojú rẹ̀ sí ògiri kí afẹ́fẹ́ má dojú kọ ibùsùn, ó dín in kù díẹ̀, ó sì dín ti balùwẹ̀ kù ní ìwọ̀n kan náà. Ó ṣí ti yàrá àlejò padà. Ó wọn gbogbo rẹ̀, ó fa ìlà tuntun, ó há tíṣù sí ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Tíṣù dúró jẹ́ẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò tó wákàtí kan. Bí mo bá pè é nígbà ọyẹ́, bó ṣe máa rí náà nìyẹn.

Nígbà tó lọ tán, Màmá ní kí n jókòó. Wọn kò pariwo.

“Lọ́jọ́ tí mo ń bẹ̀ ọ́ ní ilé ìdáná,” wọ́n ní, “ṣé o ti mọ̀?”

Mo lè sọ pé n kò mọ̀. Kò sí ẹni tó lè já irọ́ mi.

“Mo mọ̀, mà. Bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo rí i.”

“Mo sì bẹ̀ ọ́,” wọ́n ní. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo po amọ̀. Mo wọ aṣọ oko, mo mọ ààrò náà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, Màmá jókòó sórí àpótí, wọ́n ń sọ fún mi pé ó wọ́, pé kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi amọ̀ yẹn bí ọkùnrin, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní wọ́n ti gbọ́. Wọ́n ní kí n dìde, kí n má ba aṣọ mi jẹ́.

Nígbà tí amọ̀ gbẹ, mo mú ọmọ mi wá. Ikọ́ Màmá ti rọlẹ̀. Wọ́n dáná láàárọ̀, èmi sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo kọ́tìnì. Ó so rọ̀ láìmira. Èéfín gba orí ọgbà lọ. Ọmọ mi jókòó jìnnà díẹ̀ sí iná, ó ń mí bí ọmọ tí ohunkóhun kò ṣe.

Màmá yọ iṣu ọmọ náà, wọ́n fi ọ̀bẹ ògbólógbòó yẹn ha á títí ó fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, wọ́n fi epo sí i, wọ́n gbé e fún un. Wọ́n ha tiwọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ tèmi, wọ́n gbé e sínú abọ́ pẹ̀lú dúdú rẹ̀, wọ́n fi ọ̀bẹ tì í.

“Ha á fúnra rẹ,” wọ́n ní. Ohùn wọn kò le.

Mo ha á. Ó jó mi lọ́wọ́, mo sì fi dúdú sílẹ̀ káàkiri, ọmọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Àárín èmi àti Màmá ti dán báyìí, wọ́n ń pè mí, wọ́n ń súre fún mi, a jọ ń ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí iṣu bá ti jinná, wọn kì í ha tèmi. Ọ̀bẹ ni wọ́n máa ń nà sí mi.